Kí ni mo lè ṣe kí àwọn ọkùnrin Látínò lè gbà láti ṣe àyẹ̀wò HIV?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ìlera. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Mẹ́síkò, Honduras àti El Salvador ni púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin Látínò (àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà) tó ń wá bá wa ti wá, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á jẹ́ kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á jẹ́ kí n wo ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ tí mo bá ti dárúkọ HIV, ojú á yí padà. "Mo níyàwó nílé," ni wọ́n máa ń wí. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èsì á dé ọ̀dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀, láti 2010 ni Amẹ́ríkà ti pa òfin tó ń dènà àlejò nítorí HIV rẹ́.

Mo máa ń sọ fún wọn pé CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ní kí gbogbo ẹni ọdún 13 sí 64 ṣe é, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, pé kì í ṣe ìwà wọn ni mò ń wò. Ìyẹn ń ran díẹ̀ nínú wọn lọ́wọ́. Ohun èlò àyẹ̀wò HIV tí wọ́n lè fi nu èrìgì fúnra wọn, tí èsì rẹ̀ ń jáde ní 20 ìṣẹ́jú, wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ìyàwó bá a lápò òun? (Àwọn ọkùnrin tiwa náà kúkú nìyẹn.)

Ṣé kí n lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sunday ni? Àbí ọkùnrin bíi tiwọn, tó gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa, ló yẹ kó bá wọn sọ ọ́? October 15 ni ọjọ́ ìpolongo HIV láàárín àwọn Látínò, mo sì fẹ́ ti múra sílẹ̀ kó tó dé. Ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.