Fíìmù Yorùbá àtijọ́: èwo ni kí n wò, kí ni kí n ṣe sí kásẹ́ẹ̀tì tó ti hu?

Ọmọ Adó: Èkìtì kete, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń wo fíìmù. Mo wo Àjàní Ògún (1976) àti Ọ̀run Móoru (1982) lórí YouTube. Ojú àwọn òṣèré fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, alẹ́ ibẹ̀ dúdú kirikiri, orin ò sì tètè parí. Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe é náà nìyẹn? Èwo ló tún dáa tí èèyàn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀? Kásẹ́ẹ̀tì fídíò wà nílé pẹ̀lú, méjì ti hu, téèpù wọn funfun.

Ìyá Ìbejì (Ìkọ̀lé): Àbúrò, ojú tó fẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹjọ́ Ọlá Balógun tó darí méjèèjì. Ẹ̀dà tó ti orí kásẹ́ẹ̀tì wá ni, 4:3 ni (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta), tẹlifíṣọ̀n rẹ tàbí ẹni tó gbé e sórí YouTube ló fà á gbòòrò. Fi rimóòtù yan 4:3. Bí dúdú bá yọ lápá ọ̀tún àti òsì, ó ti tọ́ nìyẹn. Alẹ́ tó dúdú náà, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe lára ẹ̀dà ló fà á: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ká sórí kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, ohun tó wà nínú òkùnkùn ló ń kọ́kọ́ sọnù. Wá ẹ̀dà bíi mẹ́ta, ṣí wọn sí ìran kan náà, kí o mú èyí tí o ti rí ojú òṣèré. Má wo ti HD tí wọ́n kọ sí i. Wo bó ṣe gùn pẹ̀lú, torí àwọn kan ti gé e.

Orin ńkọ́? Jọ̀ọ́, má fò ó. Nínú Àjàní Ògún, ọdẹ tó ń jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ olóṣèlú, inú orin lo ti máa gbọ́ ọkàn rẹ̀. Ti Ọ̀run Móoru máa ń dùn mí: àwọn olè ká a sórí kásẹ́ẹ̀tì kí owó rẹ̀ tó wọlé, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá tó ni fíìmù náà lọ́rùn.

Bọ̀dá Oníwáyà (Ìkẹ́rẹ́): Má ki kásẹ́ẹ̀tì tó hu bọ ẹ̀rọ fídíò rárá! Funfun yẹn á lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì (ohun tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ), ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ti máa kó o. Di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá títí wàá fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Bí o bá fẹ́ kó èyí tó mọ́ wọ kọ̀ǹpútà, ṣẹ́ eyín kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ká nǹkan lé e. Sáré téèpù dé òpin, kí o dá a padà, torí èyí tó ti jókòó pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Nínú wáyà tó ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ fídíò wá, yẹ́lò ni àwòrán, funfun àti pupa ni ohùn. Ki wọ́n bọ ẹ̀rọ kékeré tó ń gba fídíò wọ kọ̀ǹpútà láti ihò USB. PAL (ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n tiwa) ni kí o yàn, 720 × 576, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá fi í sí NTSC (ti Amẹ́ríkà), àwọ̀ lè parẹ́, kí àwòrán sì máa yí. Bí ìlà bíi eyín ìyarun bá yọ níbi tí nǹkan ti ń rìn, lo Deinterlace inú HandBrake (ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà) lẹ́yìn tí o bá ti kó o tán.

Bí àwòrán bá ń ṣe wínníwínní, hẹ́ẹ̀dì ló dọ̀tí. Yọ iná, rẹ awọ rírọ̀ sínú ọtí isopropyl (má lo òwú, ó máa ń há síbẹ̀), gbé e ti irin róbótó tí hẹ́ẹ̀dì wà lára rẹ̀ jẹ́ẹ́, kí o sì fi ọwọ́ yí irin náà. Má fà á sókè sódò, hẹ́ẹ̀dì á ṣẹ́.

Ọmọ Òkèmẹ̀sí: Ìjà Òmìnira (1979) ni kí o kàn. Ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, kí o tó wò ó, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Lẹ́yìn náà, Àrélù ti Jimoh Aliu, ọmọ ìlú wa. Ti tẹlifíṣọ̀n ni, kì í ṣe sinimá. Ibẹ̀ ni àwọn òṣèré bíi Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmi ti gba orúkọ. Fi gbohùngbohùn etí gbọ́ ọfọ̀ inú rẹ̀, kí o sì dín báàsì kù. Báàsì ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Adó: Ẹ ṣeun o. Bí mo bá ti kó o tán, ṣé kí n da kásẹ́ẹ̀tì nù?

Bọ̀dá Oníwáyà: Rárá o. Dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, gbé e dúró lóòró, jìnnà sí òrùlé páànù àti sípíkà. Tí o bá fi DV (irú fáìlì fídíò tó máa ń tóbi) kó o, wákàtí kan máa tó 13 GB. Má pa ìyẹn rẹ́. Kékeré tí o bá fi HandBrake ṣe ni kí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù.