Ìdáǹdè kọ́, ìjàǹgbara ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀ sí Yorùbá lórí orúkọ Liberation Music Orchestra, ẹgbẹ́ oníjáàsì tí Charlie Haden dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Carla Bley to orin fún. Ẹ pè é ní "Ẹgbẹ́ Akọrin Ìdáǹdè". Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi ò gbà á.

Ìdáǹdè ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì: ẹni tó wà nínú ìdè jókòó, ẹlòmíràn wá tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, "liberation" tí Haden lò, òun ló wà nínú orúkọ FRELIMO ti Mòsáńbíìkì àti MPLA ti Àǹgólà, àwọn tó gbé ìbọn dojú kọ ìjọba Pọ́túgà. Ní 1971, ní Pọ́túgà gan-an, Haden dúró lórí ìtàgé, ó ní àwọn ajàjàǹgbara Mòsáńbíìkì, Àǹgólà àti Guinea-Bissau ni òun fi "Song for Che", orin rẹ̀ fún Che Guevara ajàjàǹgbara, yẹ́ sí. Pápákọ̀ òfurufú ni àwọn ọlọ́pàá ti mú un lọ́jọ́ kejì.

Òmìnira ńkọ́? Ìyẹn ni ohun tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní 1960. Ṣùgbọ́n nínú àwo wọn àkọ́kọ́, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1969, orin àwọn tó bá ọ̀gágun Franco jà nínú ogun abẹ́lé Sípéènì ló gba àyè jù, Franco sì ti ṣẹ́gun wọn láti 1939. Ìjà ló wà níbẹ̀. Ìjàǹgbara ni mo fara mọ́: ìjà tí èèyàn fi ń gba ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi "akọrin" náà sílẹ̀. Fèrè, gìtá, dùùrù àti ìlù ni àwọn 13 yẹn kó wá. "Eléré" làwọn bàbá wa ń pe irú wọn.

Ẹ ní ariwo lásán ni "Circus '68 '69", orin kan nínú àwo yẹn. Rárá o! Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Democrat ní Chicago lọ́dún 1968, àwọn aṣojú tí kò fẹ́ ogun Vietnam fìdí rẹmi nínú ìbò, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "We Shall Overcome". Ni wọ́n bá ní kí àwọn eléré tó wà níbẹ̀ fi orin mìíràn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí Haden tún ṣe nìyẹn: ó pín àwọn eléré rẹ̀ sọ́nà méjì, wọ́n ń fọn fèrè lura wọn. Nígbà tó yá, Roswell Rudd, ọ̀kan nínú wọn, wá fi tròmbóònù mú "We Shall Overcome" wọlé. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, àwo parí.

"A ó borí" ni orin náà ń wí. Ẹ wo "ó" yẹn dáadáa, ẹ̀gbọ́n: wọn ò tí ì borí. Ẹgbẹ́ Eléré Ìjàǹgbara ni tèmi.