“Dídì” nìkan kò tó o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Nínú ọ̀rọ̀ tí à ń wá orúkọ Yorùbá fún, ẹ ní ká pè é ní “dídì” bí ìtànṣán gámà (ìtànṣán alágbára tí ojú kò rí) bá sọ omi tí purotéènì wà nínú rẹ̀ di ohun tí kò ṣàn mọ́. Mo ti fara mọ́ ọn, àfìgbà tí mo rántí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù. Tó bá sùn mọ́jú nínú ìkòkò, á dì. Ẹ gbé e kaná, ó ti tún di omi. Jẹ́látíìnì, purotéènì kan inú rẹ̀, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 35 Celsius ti tó láti yọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó dì ṣì lè yọ́: epo dì lọ́yẹ́, epo yọ́ lóòrùn. Àmọ́ jẹ́látíìnì tí ìtànṣán gámà láti ara kóbáltì-60 bá mú dì, iná ìdáná kì í yọ́ ọ.

Àbúrò wa tó wò ó mọ́ ẹyin sísè, tó dábàá “ìfìtànṣánsè”, òótọ́ ni pé ẹyin sísè kì í padà. Ṣùgbọ́n ooru dà níbẹ̀? Bí ìtànṣán tó tó 10 kGy (kGy ni a fi ń wọn agbára ìtànṣán tó wọnú nǹkan) bá wọnú omi, kò ní fi ju ìwọ̀n 2.4 Celsius lọ gbóná sí i. Kí ló wá sè é?

Omi gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Òun ló pọ̀ jù níbẹ̀, òun náà ni ìtànṣán ń fọ́. Lára àfọ́kù rẹ̀ ni háídírọ́síìlì wà, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kan kò ní ẹnìkejì. “Àpọ́n” ni mò ń pè é, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àpọ́n yìí á kọlu taírosíìnì, ọ̀kan lára àwọn ègé tí wọ́n so pọ̀ di purotéènì, á sọ òun náà di àpọ́n. Bí irú taírosíìnì bẹ́ẹ̀ méjì bá pàdé, wọ́n di tọkọtaya tí iná kò lè tú.

Níbẹ̀rẹ̀, purotéènì díẹ̀díẹ̀ ló ń so mọ́ra, bíi kókó inú ògì. “Ṣíṣù” ni mo fẹ́ ká pe ìyẹn. (“Ìṣùpọ̀” ti wà fún ìràwọ̀, mi ò rí ìjà níbẹ̀.) Ìgbà tí ìsopọ̀ náà bá tàn ká, tó di àwọ̀n tó há omi mọ́nú, ni mo fẹ́ ká pè ní “ìsokọ́dì”. Mi ò fi ìtànṣán sínú orúkọ rẹ̀, torí bí ọ́síjìn bá wà nínú omi náà, ìtànṣán kan náà lè máa gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ dípò kó so ó.

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló kù tó ń kọ mí lóminú. “Jẹ́látíìnì náà ti sokọ́dì”: ṣé ó dùn létí yín?