Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ìjàpá: orúkọ wo ni ká fún ohun tó ń gbá a mú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń tún Ìjàpá ṣe, Volkswagen ayé ọjọ́un. Ó kọ ọ́ dé ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í ṣí tàbí tí kì í pa dé dáadáa, ó sì ní kí a bá òun wá orúkọ fún ohun tó ń dì í mú. Èyí tí púpọ̀ nínú yín ti fọwọ́ sí ni “àgádágodo ìdérí ẹ́ńjìnnì”, pẹ̀lú “okùn ìfà” fún wáyà rẹ̀, èyí tí a ń fà láti inú mọ́tò kí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè ṣí. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìdérí, torí kò le. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Táǹkì epo, sípíà táyà àti àyè ẹrù díẹ̀ ló wà níwájú. Nínú àwọn ti Jámánì, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọdún 1968 ni ẹnu táǹkì ti bọ́ sí ara mọ́tò lóde. Èyí tó ṣáájú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lè rọ epo. Ọmọṣẹ́ tó bá ka “ìdérí ẹ́ńjìnnì”, ẹ̀yìn mọ́tò ni yóò gbà lọ, a ò sì lè bá a wí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa jẹ́.

Àgádágodo ló dùn mí jù. Ohun tó ní kọ́kọ́rọ́ tí a ń fi há ni. Ẹ sì rántí pé àwọn tí ẹ̀rù olè bátìrì ń bà máa ń jó irin mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè fi àgádágodo gidi sí i níta. Tí ìwé bá wá sọ pé “tú àgádágodo bọ́nẹ́ẹ̀tì”, èwo nínú méjèèjì ni ọmọṣẹ́ yóò tú? Ọ̀rọ̀ yẹn ti níṣẹ́ lọ́wọ́ lára mọ́tò kan náà.

Ẹ wo bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pá irin kúkúrú kan ti yọ jáde, ó ní sípíríǹgì lára, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ara mọ́tò nísàlẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí sípíríǹgì ń tì. Tí ẹ bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀pá yóò ti irin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin yóò padà, yóò sì gbá ọ̀pá lọ́rùn mú. Tí ẹ bá fa wáyà nínú mọ́tò, irin á tú u sílẹ̀, ìkọ́ ààbò nìkan ló kù tó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Ìkọ́ yẹn kì í ṣe eré: ìdí gíláàsì iwájú ni wọ́n ti so bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara mọ́tò, afẹ́fẹ́ lè gbé e lu gíláàsì lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, mo dábàá “agbámú” fún irin ìsàlẹ̀. Ẹni tó kọ “àgbámú” lánàá, ẹ jọ̀wọ́, ohùn yẹn yí ìtumọ̀ padà. Apẹja ló ń pa ẹja. Àjẹkù ni ohun tí a jẹ kù. Irin yìí ló ń gbá nǹkan mú, kì í ṣe òun ni wọ́n ń gbá mú. Ọ̀pá òkè ńkọ́? “Ọmọ agbámú”, bí a ṣe ń pe ọmọ ọlọ àti ọmọ odó. Ìyá dúró sójú kan, ọmọ ló ń lọ bá a.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní lọ́ọ̀kì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí la wá ń wá kiri? Òótọ́ ni, kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kò rí bákan náà. Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá pa dé àmọ́ tó ga sókè, tó ń mì, ọmọ agbámú ló gùn jù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó há a, kí ẹ fi sukurudírẹ́fà yí i wọlé díẹ̀. Tó bá kúrú jù, kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ rárá, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò sì máa ta padà. Tí ọwọ́ tí ẹ fi ń fa wáyà nínú mọ́tò bá fúyẹ́ gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ, wáyà ti já tàbí ó ti yọ níbi tí síkúrù ti dì í mọ́ agbámú. Tí ọwọ́ bá wúwo, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ò sì gbéra, ìpẹtà ló ti mú agbámú: kí ẹnì kan tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kí ẹnì kejì máa fa wáyà, kí ẹ wá fi gírísì sí i lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn wáyà tuntun, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí títí ẹ ó fi fà á, tí ẹ ó sì rí i lójú pé agbámú ń yẹ̀. “Lọ́ọ̀kì bàjẹ́” kò sọ èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí fún ẹnikẹ́ni.

“Okùn ìfà” ní àléébù àgádágodo gan-an. Àwọn tí wáyà ti já mọ́ lọ́wọ́ rí máa ń so okùn tàbí wáyà kejì mọ́ agbámú, wọ́n á fà á gba abẹ́ mọ́tò síbi tí ojú ò tètè rí. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ okùn ìfà, kí ti inú mọ́tò máa jẹ́ wáyà bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti awọ tó bo wáyà yẹn ni mi ò tíì rí ohun tó tẹ́ mi lọ́rùn fún. Ẹnì kan ní “àkọ̀”, bíi ti idà, mo sì ń fojú rere wò ó. Kí ni ẹ̀yin tó ń ta páàtì ń pè é?