Àbọ̀ lórí ewúrẹ́ tó ń wúkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀yin ará, mo béèrè níbí nípa abo ewúrẹ́ wa tó ń wúkọ́, tí ikun ń dà ní imú rẹ̀, tí kò sì jẹun mọ́. Dókítà ẹranko ní bakitéríà ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ oxytetracycline, oògùn tó ń gbógun ti bakitéríà, irú èyí tó máa ń pẹ́ lára, mìlílítà 1 fún kìlógíráàmù 10 ìwúwo rẹ̀, ó tì í wọ inú ẹran ọrùn rẹ̀ dáadáa. Ó ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ báyìí, inú mi sì dùn púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ yìí kì í pa fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹran yín wò. A kò ní tà á fún alápatà títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn náà yóò fi pé, kí oògùn náà má baà ṣẹ́kù nínú ẹran tí èèyàn máa jẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó dá mi lóhùn.