Dádì mi ò jẹ ọbẹ̀ ilé mọ́, ti búkà ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Lafíàjì

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ẹ má bínú tó bá gùn.

Dádì mi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Súrúlérè látìgbà tí dókítà ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín epo kù, kí wọ́n jìnnà sí máàgí. Oògùn, wọ́n ń lò ó déédéé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Oúnjẹ ló di ìjà láàárín wa.

Kẹ́ ẹ lè mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ọmọ Àgùdà ni wọ́n, ìyẹn ìran àwọn tó ti Bràsílì bọ̀ sí Èkó, Lafíàjì ni wọ́n dàgbà sí, Marina ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi rìtáyà, tó bá di ọ̀sán wọ́n á rìn dé Ghana High ní Oníkan lọ jẹun. Nígbà tí èmi náà dàgbà tán, àwa méjèèjì la jọ máa ń lọ sí White House ní Yàbá lọ́jọ́ Sátidé torí àmàlà. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ abúlà, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ fi òkèlè kan tọ́ gbẹ̀gìrì wò lóun nìkan kí n tó jẹ́ kí ọbẹ̀ ata kàn án, tí gbẹ̀gìrì ò bá dáa lóun nìkan, ká dìde ká lọ síbòmíì. Gbogbo ìfẹ́ tí mo ní sí oúnjẹ, yálà èyí tí mo sè tàbí èyí tí mo jẹ níta, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ.

Ní báyìí mo ń sè é láìsí iyọ̀ rẹpẹtẹ, mo ń lọ sí Ọyíǹgbò fúnra mi lọ ra ata àti ẹja, mi ò fi rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á rọra ti abọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní "o ṣeun ọmọ mi, mo ti yó." Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo bá nylọ́ọ̀nù àmàlà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọkùnrin mẹ́káníìkì iwájú ilé wa ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí bàbá mi máa fi oúnjẹ pamọ́ fún mi bí ọmọdé, ó dùn mí gan-an ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sè, kí ni búkà ń ṣe sí ọbẹ̀ tó fi ń dùn báyẹn, àti pé èwo nínú ẹ̀ ni mo lè ṣe nílé láìsí iyọ̀? Àti ṣé ó ti parí ni, ṣé mi ò lè mú wọn jáde lọ jẹun mọ́ rárá? Good Friday náà ń bọ̀, frejon, ẹ̀wà lílọ̀ olómi àgbọn tí àwa Àgùdà máa ń jẹ lọ́jọ́ yẹn, ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún látìgbà tí Lẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Olóúnjẹ Mushin

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Màmá mi ta oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ Ojúwòyè, ìdí ìkòkò ni mo dàgbà sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Iyọ̀ kọ́ ni àṣírí ibẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó tiẹ̀ pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da iyọ̀ búkà sínú ọbẹ̀ tí ò jinná dénú, kò ní dùn bíi tiwọn. Àkọ́kọ́ ni pé ata wọn kì í lómi. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, wọ́n á gbé e kaná lóun nìkan, wọ́n á sè é títí omi ara ẹ̀ á fi gbẹ, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé epo kaná. Tàtàṣé wọn pọ̀ ju tòmátò lọ torí tòmátò ló ń jẹ́ kó kan. Wọ́n á wá rẹ́ àlùbọ́sà sínú epo, wọ́n á jẹ́ kó pọ́n dáadáa, wọ́n á da irú sí i kó bá a dín pọ̀, ibẹ̀ ni òórùn tó ń pe èèyàn láti òpópónà ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa nílé, ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná la máa ń rántí irú. Ata á wá wọlé, wọ́n á dín in títí epo á fi léfòó sókè, wọn kì í kánjú rárá.

Ìkejì ni omi ẹran. Nínú ìkòkò kan ṣoṣo, ẹ máa rí ṣàkì, pọ̀nmọ́, àbọ́dí, fùúkù, ẹran líle, gbogbo wọn ló ń tú adùn wọn sílẹ̀. Tiyín nílé, àpò ẹran kékeré kan ni, báwo ló ṣe fẹ́ jọ ọ́? Ẹ ra egungun díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù àti ata rodo sè é láìsí iyọ̀, ẹ má bu omi púpọ̀ sí i, kí omi ẹran náà ki. Ẹ tún fọ ẹja àrọ̀ gbígbẹ kan, ẹ já a sínú ọbẹ̀ kó rọ̀ síbẹ̀. Èéfín ara ẹja yẹn máa ń bo àìsí iyọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́.

Epo náà, ẹ fi dín ata bó ṣe yẹ, tó bá ti jinná ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tòrò, ẹ fi ìgbakọ bu èyí tó léfòó kúrò. Adùn ti wọlé tán, epo á sì kúrò.

Ẹ sè é lálẹ́, ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Ọbẹ̀ àná ni ọbẹ̀ búkà.

Nọ́ọ̀sì Ìlú

Ẹ káàsán o. Gbogbo ohun tí Ọmọ Olóúnjẹ sọ dáa, àmọ́ ẹ ṣọ́ irú náà o, àwọn mìíràn máa ń da iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ò tó ṣíbí tíì kan tó kún déédéé, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ yẹn pátá ni wọ́n sì ń kà mọ́ ọn o, búrẹ́dì àárọ̀, máàgí, ẹja oníyọ̀, ṣíńṣíǹ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ bù sí ọbẹ̀ nìkan. Àwọn àgbà wa á ní "mi ò kì í jẹ iyọ̀," wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì Agége gígùn kan tán.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí ni káún. Ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga, òun náà ló wà nínú káún. Tẹ́ ẹ bá ń fi se ewédú tàbí ẹ̀wà fún bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Ewédú tútù tó jẹ́ ewé kékeré ò nílò ẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi hó kẹ́ ẹ tó dà á sí i, ẹ má dé e, ẹ fi ìjábẹ̀ já a, ó máa yọ̀. Gbẹ̀gìrì náà, ẹ bó ẹ̀wà, ẹ sè é pẹ́, ó máa yọ́ fúnra ẹ̀.

Àti iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì pé tàwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni, ẹ má rà á láì béèrè lọ́wọ́ dókítà. Potassium ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó léwu fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò lágbára, kò sì bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan mu.

Ìyá Ìbejì

Èmi ò gbà pẹ̀lú gbogbo òfin yìí o. Bàbá ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ohun tó wù wọ́n, ìgbádùn wo ló kù fún wọn?

Ọmọ Lafíàjì

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín mà, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Àmọ́ àìsàn rọpárọsẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru yìí náà ló fà á, mo wà níbẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ lẹ́rán.

Bọ̀ọ̀dá Àkókà

Sìsítà, ẹ máa mú wọn jáde o, ẹ má tì wọ́n mọ́lé. Èmi náà lẹ́jẹ̀ ríru, mo ṣì ń jẹun níta.

Àmàlà fúnra ẹ̀ ò níyọ̀, èlùbọ́ àti omi gbígbóná ni. Ọbẹ̀ ata ló ní wàhálà jù. Nítorí náà ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bu ọbẹ̀ tèmi sínú kúlà kékeré láti ilé, tí mo bá dé búkà, mo ra àmàlà tó gbóná fẹlifẹli àti gbẹ̀gìrì díẹ̀, mo ní kí wọ́n má fi ọbẹ̀ àti ẹran sí i. Olóúnjẹ mi kọ́kọ́ wò mí lójú bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà, mo ṣàlàyé fún un, ní báyìí tó bá ti rí mi ó ti mọ̀. Ẹ lọ kí ọ̀sán tó pọ́n jù, torí ọbẹ̀ tí wọ́n ń gbóná látàárọ̀ á ti gbẹ, iyọ̀ inú ẹ̀ á sì le ju ti àárọ̀ lọ, àwọn gbẹ̀gìrì náà bẹ́ẹ̀.

Ibòmíì tó dáa ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe point and kill. Ojú yín ni wọ́n á ti mú ẹja láàyè, ẹ̀yin lẹ ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi máàgí sí i, kí wọ́n kàn fi ata, àlùbọ́sà àti ẹfinrin sè é. Jọ̀lọ́ọ̀fù rẹstọráǹtì ni mi ò dé ìdí ẹ̀ mọ́, wọ́n ti sè é pọ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè yọ iyọ̀ kúrò nínú ìrẹsì. Súyà Ọbálẹ́ndé náà, mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó ń dùn mí, àmọ́ yájì yẹn níyọ̀ gan-an.

Àgùdà Pópó

Ọmọ ilé wa, ẹ kú ìrètí Àjíǹde. Ti frejon ni kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ lé jù. Àwọn bàbá wa tó ti Bràsílì bọ̀ sí Èkó, àwọn kan ti dé kí wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1888, àwọn kan dé lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ló gbé e wá, iyọ̀ ò sì sí nínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é nílé wa. Ẹ rẹ ẹ̀wà dúdú mọ́jú, ẹ sè é kó rọ̀ pátápátá, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ kó kúnná. Ẹ fọ́ àgbọn, ẹ rin ín, ẹ fún omi ẹ̀. Tòun tẹ̀wà lẹ ó jọ gbé kaná pẹ̀lú kànáfùrù díẹ̀ àti ṣúgà tí ò pọ̀, ẹ máa rò ó, kó má jóná nísàlẹ̀, torí tó bá ti jóná kò sí àtúnṣe.

Omi àgbọn àkọ́kọ́ ló ki jù torí epo ẹ̀ pọ̀, fún bàbá ẹ fi omi àfúnkejì ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Iyọ̀ tó máa wọlé, ara ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ló wà. Ẹ fi òróm̀bó wẹ́wẹ́ àti ata gígún ra ẹja náà kẹ́ ẹ tó dín in, ẹ bu gààrí Ìjẹ̀bú sí ẹ̀gbẹ́, kíkan ẹ̀ á ṣiṣẹ́ tí iyọ̀ ìbá ṣe.

Ọmọ Lafíàjì

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ń lọ ra kúlà lọ́la, Sátidé a máa lọ sí Yàbá, mo sì ti sọ fún ọmọ mẹ́káníìkì pé kó máa wá bá wa jẹun dípò kó máa sáré lọ ra nylọ́ọ̀nù. Ó ku irú. Níbo ni mo ti lè rí èyí tí ò níyọ̀?

Ọmọ Olóúnjẹ Mushin

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti dì sí nylọ́ọ̀nù. Ẹ wá sí Mushin láàárọ̀ kùtù, ẹ wá àwọn màmá tó ń bu irú pẹ̀tẹ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí, ẹ ní irú aláìníyọ̀ lẹ fẹ́, ẹ mú díẹ̀ sórí ahọ́n. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ pín in sí kékeré kékeré, ẹ kó o sí fírísà, torí láìsí iyọ̀ kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́.