Báàgì dúdú yìí ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, òde sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀

Ìyàwó Ọ̀gá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ gbà mí. Báàgì aláwọ dúdú kan wà nílé mi, ojúlówó, London ni wọ́n ti rà á. Mo gbé e jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ yìí, nǹkan funfun ti bò ó, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni mo ní kó tọ́jú rẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá, ló bá da káńfọ̀ sí i bí ẹni da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo bá a wí, ó ní èmi ni mo ní kóun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tí mò ń san owó ilé ìwé rẹ̀! Sátidé ni òde wa n'Íbàdàn, aṣọ ẹbí ti dé, mo ti ra bàtà, báàgì yìí nìkan ló sì bá a mu. Kí ni kí n fi nù ún?

Mọ́mì Ayọ̀
Ó ti bu nìyẹn. Àsìkò òjò la wà. Ẹ gbé e síta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá funfun yẹn kúrò. Ẹ má ṣe é nínú yàrá, kó má baà fọ́n sára aṣọ. Ẹ po fínígà àti omi lọ́gbọọgba, ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi nù ún. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó ti gbẹ.

Baba Ìlúpéjú
Ẹ sá a sóòrùn, ó parí.

Mọ́mì Ayọ̀
Oòrùn kẹ̀? Yóò gan, yóò sì sán. Ibòji ni, ẹ jọ̀ọ́ sà.

Baba Ìlúpéjú
Oòrùn ni ìyá mi ń sá tirẹ̀ sí títí tí wọ́n fi kú. Kò sán.

Ìyá Ìbejì
Ẹ fi òrí pa á. Òrí díẹ̀ báyìí, yóò máa dán.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Tiyín tiẹ̀ sàn. Èmi gbé ẹja gbígbẹ àti irú bọ̀ láti Èkó, irú tú sínú àpótí. Ẹni tá a jọ ń gbé ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ Oníṣọ̀nà
Ẹ rọra ná. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ awọ ni bàbá mi ṣe. Awọ ewúrẹ́ láti Ṣókótó àti Kánò la fi ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń kó gba aginjù Sàhárà lọ láyé àtijọ́, táwọn Òyìnbó wá ń pè ní awọ Mòrókò, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń lọ. Awọ gidi máa ń bu lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ṣé ó ń bó? Ẹ wo etí rẹ̀ nínú, lábẹ́ síìpù, níbi tí wọ́n ti gé e. Bó bá jẹ́ awọ, ẹ ó rí fọ́nrán rẹ̀ wúruwùru. Bó bá jẹ́ aṣọ lẹ rí, tí nǹkan fẹ́lẹ́ bí ike bò ó, kì í ṣe awọ.

Ìyàwó Ọ̀gá
Mo ní ojúlówó ni. Owó tí wọ́n rà á ju owó oṣù ẹlòmíì lọ. Mo ti fi sípírítì nù ún, àwọ̀ dúdú sì ń bá aṣọ bọ̀. Ó ń bó díẹ̀ níbi tá a fi ń gbé e kọ́ èjìká.

Ìyá Ìbejì
Sípírítì! Ta ló rán yín?

Ìyàwó Ọ̀gá
Ṣebí òun náà lẹ fi ń nu yíǹkì bíírò. Mo rí i nínú fídíò.

Ọmọ Oníṣọ̀nà
Ẹ bá mi wo etí rẹ̀, mà.

Ìyàwó Ọ̀gá
Aṣọ funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín sọ pé awọ ni.

Baba Ìlúpéjú
Ẹni tó ni ín bíi ti báwo?

Ìyàwó Ọ̀gá
Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Nígbà tí wọ́n ń padà sí London ni wọ́n fi ẹrù díẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Wọn ò sọ pé kí n má gbé e. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wọlé fún òde yẹn. Ẹ má sọ ọ́ dariwo, ẹbí la jẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n ọkọ! Ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sí òde tí àwọn fúnra wọn ń bọ̀!

Ọmọ Oníṣọ̀nà
Ẹ má nù ún mọ́, bíbó lẹ ń fi kún un. Ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ojú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbé e rí. Ọ̀rá tún há ọ̀rinrin mọ́ ọn. Òrí ò lè dá a padà, fínígà ò lè dá a padà. Wọ́n lè ha ojú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi awọ bò ó, ṣùgbọ́n èmi ò ní fi ọ̀bẹ kan báàgì tí ẹni tó ni ín ò mọ̀ sí. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó wọ bàálù.

Baba Ìlúpéjú
Kẹ́ ẹ sì bẹ ọmọ yẹn.

Ìyàwó Ọ̀gá
Ọkọ mi ló máa pè wọ́n. Ta ló ní báàgì dúdú tó lè yá mi n'Íbàdàn di ọjọ́ Àìkú?

Ìyá Ìbejì
Kì í ṣe tèmi o.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham
Àpótí tèmi ńkọ́, ẹ̀yin ará?

Mọ́mì Ayọ̀
Fi omi ọṣẹ nu inú rẹ̀, kó o fi fínígà àti omi tẹ̀ lé e. Tó bá gbẹ, wọ́n baking soda sí i, jẹ́ kó sun ibẹ̀, kó o gbọ̀n ọ́n dànù láàárọ̀. Má tì í pa títí inú rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá. Irú, wé e sínú ọ̀rá méjì nígbà mìíràn, kó o wá fi sínú ike onídèérí.